Bí Ẹ Ṣe Lè Fẹsẹ̀ Rin Ilẹ̀ Harriet Tubman ní Dorchester: Igbó, Àbàtà àti Omi

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland, láti Baltimore dé Prince George's County, tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ Harriet Tubman lẹ́nu àwọn ọmọ wọn tó ń lọ sí iléèwé, tí wọn ò sì mọ̀ pé ilẹ̀ tí wọ́n bí obìnrin náà sí kò jìnnà ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ tí èèyàn bá wa mọ́tò. Dorchester County ni wọ́n ń pè é, ó wà ní apá ìlà-oòrùn omi Chesapeake. Láti 1669 ló ti wà. Ilẹ̀ oko ni títí dòní: nígbà ìkànìyàn 2020, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 32,000. Oko àgbàdo, oko ẹ̀wà sóyà, igbó igi páìnì, àti àbàtà tó tẹ́ lọ títí ojú ò fi lè tó òpin rẹ̀.

Ní 1822 ni wọ́n bí Harriet, sínú oko ẹrú. Araminta lorúkọ àbísọ rẹ̀, Minty ni wọ́n ń pè é nílé. Ọkọ̀ ẹrú ló gbé ìyá ìyá rẹ̀, Modesty, wá láti Áfíríkà. Ní 1849 Harriet sá lọ sí Philadelphia, ó bọ́, àmọ́ kò torí pé òun ti bọ́ kó gbàgbé ilé. Nǹkan bí ìgbà 13 ló padà wá sí agbègbè yìí, ó sì kó àwọn èèyàn bí 70 jáde kúrò lóko ẹrú.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó gbéra. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ dára, màá sì sọ̀rọ̀ nípa wọn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ yín sínú ilé. Ahéré tí Harriet sùn sí ti pòórá. Omi tó wọ́ nígbà tó kéré, igbó tó ti bá bàbá rẹ̀ la gẹdú, ọ̀nà tó gbà lóru, gbogbo wọn ṣì wà. Bí ẹ kò bá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kí ẹ rìn, kò ní yé yín bí obìnrin tí kò mọ̀wé kà ṣe mú àwọn èèyàn kọjá níbẹ̀ nínú òkùnkùn láì pàdánù ẹnì kan ṣoṣo.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú àsìkò tó bá a mu

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni mo fọwọ́ sí jù. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní òtútù ti pọ̀ jù. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ ná.

Nígbà ooru, ẹ̀fọn tó wà nínú àbàtà yẹn kì í ṣe kékeré. Eṣinṣin tó ń buni jẹ á tún dara pọ̀ mọ́ wọn, eégbọn á sì wà lórí koríko tó bá ti ga. Ọmọ kékeré kò lè gbádùn ara rẹ̀ níbẹ̀ nínú oṣù Keje. Bí òtútù bá ti dé, gbogbo wọn á wábi gbà, àwọn ẹyẹ á sì dé láti ìhà Kánádà: àwọn geese, tí wọ́n rí bíi pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn, á máa bà lé omi ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, pẹ̀lú àwọn swan funfun.

Ìdí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé Harriet fúnra rẹ̀, ìgbà òtútù ló sábà máa ń wá kó èèyàn. Òru gùn nígbà náà, àwọn olówó ẹrú á sì ti wà nídìí iná nínú ilé wọn. Ó tún fẹ́ràn kí wọ́n gbéra ní alẹ́ Sátidé, nítorí ìwé ìròyìn kì í jáde lọ́jọ́ Àìkú, kí olówó ẹrú tó lè kéde pé ẹrú òun ti sá, ó di Mọ́ńdè. Ẹni tó bá lọ nínú oṣù Kejì, irú atẹ́gùn tó fẹ́ lu àwọn yẹn ló máa fẹ́ lu òun náà.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà ìsinmi iléèwé nìkan ni àyè yọ, ẹ gbìyànjú oṣù Kẹrin tàbí oṣù Kẹwàá. Bó bá sì di dandan kó jẹ́ ìgbà ooru, ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ fi ọ̀sán sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ọjọ́ méjì ló tó o dáadáa. Ẹ sùn ní Cambridge, ìlú tó jẹ́ olú ìlú kọ́ńtì náà, ilé ìtura wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹrù

Ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ tó ga, bàtà tí omi ò lè tètè wọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí eégbọn. Ìgbà òtútù tún jẹ́ ìgbà ọdẹ, ẹ wọ ẹ̀wù tàbí fìlà aláwọ̀ ọsàn kí ọdẹ lè rí yín lókèèrè, kí ẹ sì wò ó lórí ìkànnì Blackwater, ọgbà ẹyẹ tí ẹ máa dé ní ìgbésẹ̀ kẹfà, bóyá ọjọ́ ọdẹ àgbọ̀nrín ni, torí wọ́n máa ń ti àwọn ibì kan lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ní awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ má gbàgbé rẹ̀ sílé.

Nẹ́tíwọ̀kì kò dára ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo fẹ́ darí yín sí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ gba máàpù sórí fóònù yín, kí ẹ sì gba àlàyé olóhùn tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà náà, Harriet Tubman Underground Railroad Byway. (Underground Railroad ni wọ́n ń pe àwọn ọ̀nà àti àwọn èèyàn tó ń ran ẹrú lọ́wọ́ ní bòókẹ́lẹ́ láti sá lọ sí òmìnira.) Ojú ọ̀nà yìí gùn tó 125 máìlì, ibùdó tó wà lórí rẹ̀ lé ní 30, ó sì la Dorchester àti Caroline County kọjá. Ẹ ò ní lè rin gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ ra epo mọ́tò sí Cambridge. Ẹ gbé oúnjẹ dání, mọ́ínmọ́ín tàbí ohun tó bá wù yín, torí bí ẹ bá ti wọ ìhà gúúsù kọ́ńtì náà, ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣọ̀wọ́n. Ẹ sì wo àkókò tí omi òkun máa kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀nà kan, bíi Shorters Wharf Road, omi máa ń bò wọ́n tí òkun bá kún, omi iyọ̀ sì ni, ó ń ba irin abẹ́ mọ́tò jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: afárá

Ọ̀nà US-50 ni ẹ máa gbà láti ìhà Washington tàbí Annapolis. Ẹ máa gun afárá Chesapeake Bay, tó gùn ju máìlì 4 lọ. Ní 1952 ni wọ́n ṣí àkọ́kọ́, wọ́n sì fi èkejì kún un ní 1973. Ìgbà àlọ nìkan ni wọ́n ń gba owó, ẹ̀rọ ló ń gbà á, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Afárá náà ga púpọ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn wa mọ́tò. Àwọn kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọn á gba owó, wọn á bá yín wà á kọjá. Ẹ má gba ibẹ̀ ní ọ̀sán Fúráídè nígbà ooru, torí gbogbo ayé ló ń lọ sí etíkun Ocean City.

Lẹ́yìn Easton, ẹ máa gun afárá mìíràn lórí odò Choptank, ẹ ti dé Cambridge nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Cambridge, iwájú kóòtù

Ẹ gbé mọ́tò sílẹ̀ ní àárín ìlú kí ẹ rìn. Lára ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tó wà ní Race Street, Michael Rosato ya àwòrán Harriet kan ní 2019, ó ya ọwọ́ rẹ̀ kan jáde síta bíi pé ó ń sọ pé kí ẹ dì í mú. Gbogbo ọmọdé tó bá débẹ̀ ló máa ń fi ọwọ́ tirẹ̀ kàn án. Ẹ jẹ́ kí àwọn tiyín náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ lọ sí iwájú kóòtù. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn ìgbà tí mo fẹ́ sọ yìí ni wọ́n kọ́ ọ, àmọ́ ibẹ̀ náà ni. Ní oṣù Kejìlá 1850, wọ́n gbé Kessiah, ọmọ ẹ̀gbọ́n Harriet, àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sí gbàǹjo níwájú kóòtù yìí. Àwọn èèyàn ń dá owó. Ẹnì kan dá owó tó ga jù, wọ́n sì gbà pé òun ló rà á. Ẹni tó ń ṣe gbàǹjo náà lọ jẹun. Nígbà tó dé tó ní kí ẹni tó rà á wá sanwó, kò sí ẹni tó dáhùn. John Bowley, ọkọ Kessiah, tó ti gba òmìnira, ló dá owó náà, kò sì ní kọ́bọ̀ tó máa san. Kí wọ́n tó gbọ́n sí i, wọ́n ti fi ìyá àtọmọ pa mọ́ sí ilé kan nítòsí. Bowley mọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi dáadáa. Ọkọ̀ kékeré ló fi gbé wọn gba orí omi dé Baltimore, níbi tí Harriet ti ń dúró dè wọ́n. Láti 2022 ni ère Harriet kan ti wà níwájú kóòtù náà. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín lédè Yorùbá. Ó máa ń dùn létí wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Church Creek

Ẹ gba Route 16 kúrò ní Cambridge, kí ẹ sì yà sí 335. Láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ máa dé Harriet Tubman Underground Railroad Visitor Center, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta 2017. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Maryland ló jọ ń bójú tó o, ọ̀fẹ́ sì ni. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣí, ẹ wò ó kí ẹ tó lọ. Ẹ lo wákàtí kan níbẹ̀, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà tó wọ aṣọ iṣẹ́ léèrè nípa òwìwí: wọn á sọ fún yín bí Harriet ṣe ń ké bí òwìwí inú igbó yìí láti fi mọ̀ bóyá ọ̀nà mọ́, àwọn mìíràn nínú wọn á sì ké e fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Blackwater

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò jù.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ ló wà. Ní 1933 ni ìjọba àpapọ̀ ya Blackwater sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri, ó sì ti lé ní 28,000 éékà. Ọ̀nà kan wà nínú rẹ̀, Wildlife Drive, tó gùn tó nǹkan bí máìlì 4. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ gùn ún, ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ló dára jù kí ẹ dé ibẹ̀, torí ìgbà yẹn ni àwọn ẹyẹ máa ń gbéra nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ìyẹ́ wọn á sì gba gbogbo ojú ọ̀run. Ẹ wo orí àwọn igi tó gbẹ: idì olórí funfun, tó jẹ́ àmì orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, pọ̀ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ibi lọ ní gbogbo etíkun ìlà-oòrùn. Nínú igbó páìnì, ẹ máa rí ọ̀kẹ́rẹ́ ńlá aláwọ̀ eérú, tí wọ́n yọ kúrò nínú ìwé àwọn ẹran tó fẹ́ parun ní 2015.

Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Marsh Edge Trail. Kò tó ìdajì máìlì, afárá onípákó sì gbé e jáde sí etí àbàtà, kódà àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn lè rìn ín. Ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Nígbà tí Minty wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, olówó rẹ̀ fi í yá ẹnì kan tó ń jẹ́ James Cook. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó máa wọ́ omi lọ yẹ pàkúté wò. Ẹran tí wọ́n ń dẹ pàkúté fún ni muskrat, ó jọ òkété, inú omi ló ń gbé, awọ rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ìgbà òtútù ni awọ náà máa ń dára, torí náà ìgbà òtútù ni ọmọ yẹn ń wọ́ omi. Èéyi mú un, síbẹ̀ wọ́n rán an lọ. Àìsàn náà gbé e dè débi pé wọ́n ní láti dá a padà fún ìyá rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ ti ọwọ́ yín bọ omi náà, kí ẹ má tètè yọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún méje ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Kò sí àlàyé tí mo lè ṣe tó máa tó ìyẹn.

Àwọn èèyàn Dorchester ṣì ń dẹ muskrat títí dòní, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Nínú oṣù Kejì ọdọọdún, ní Golden Hill, wọ́n máa ń ṣe National Outdoor Show, níbi tí wọ́n ti ń díje ta ló lè tètè bó awọ muskrat jù. Bí ọjọ́ yín bá bọ́ sí i, ẹ yà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń wo omi gbalasa iwájú yín, ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ koríko tẹ́lẹ̀. Láti 1938, ó lé ní 5,000 éékà àbàtà tó ti di omi ní Blackwater. Omi òkun ń ru sókè, ilẹ̀ náà ń rì, nutria sì dá kún un, ìyẹn ẹranko kan tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà nítorí awọ, tó ń hú gbòǹgbò koríko jẹ. Nutria ti tán níbẹ̀, ní 2022 ni wọ́n kéde rẹ̀. Omi kò dáwọ́ dúró. Àwọn igi tó dúró gbẹ káàkiri yẹn, omi iyọ̀ ló pa wọ́n. Ilẹ̀ tí Harriet rìn ń lọ lójú wa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ̀ yín pé kí ẹ má sún ìrìn àjò yìí síwájú.

Ìgbésẹ̀ keje: Bucktown

Ẹ wa mọ́tò lọ sí ìlà-oòrùn, ẹ máa dé oríta kan tí ṣọ́ọ̀bù onípákó kékeré kan wà. Nínú ṣọ́ọ̀bù oríta yìí, ní nǹkan bí 1835, alábòójútó ẹrú kan ń lé ọmọkùnrin kan tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí Minty bá òun dì í mú. Minty kọ̀. Ọmọ náà sá jáde, alábòójútó gbé irin ìwọ̀n oníwúwo pọ́n-ùn méjì jù ú, Minty ni irin náà bà lórí. Orí rẹ̀ fọ́. Títí tó fi kú ní 1913, oorun òjijì máa ń gbé e lọ láàárín ọ̀rọ̀, ó sì máa ń rí ìran tó gbà pé Ọlọ́run ló ń fi hàn òun. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n máa ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, torí kì í ṣe ìgbà gbogbo ni.

Nítòsí ibẹ̀, ní Greenbrier Road, ni oko Brodess, olówó Harriet àti àwọn ará ilé rẹ̀. Àmì ìtàn wà lẹ́bàá ọ̀nà, ilẹ̀ náà sì jẹ́ ti onílẹ̀. Ẹ má wọ inú oko. Mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀gbọ́n Harriet obìnrin ni wọ́n tà sí ọ̀nà jíjìn, Linah, Soph àti Mariah Ritty. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ta Moses, àbúrò rẹ̀, Rit ìyá wọn fi ọmọ náà pa mọ́ fún nǹkan bí oṣù kan, ó sì sọ fún wọn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé òun, òun á la orí rẹ̀. Wọn ò ta Moses mọ́. Mo gbà pé ibẹ̀ ni Harriet ti kọ́kọ́ rí i pé a lè kọ̀ fún olówó ẹni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Madison àti ipa omi Stewart

Èyí di ọjọ́ kejì. Ẹ tẹ̀ lé Route 16 lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́bàá ọ̀nà ní Parsons Creek, ẹ máa rí ipa omi Stewart, tó gún régé bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹrú àti olómìnira, ló fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ láàárín 1810 sí 1832, nínú ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn, kí igi gẹdú lè rí ibi gbà jáde. Ó gùn tó máìlì 7.

Ben Ross, bàbá Harriet, lọ́gàá nínú iṣẹ́ gẹdú ní agbègbè yìí, Harriet náà sì bá a ṣe é, ó ń gé igi, ó ń fi màlúù fà á. Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn nínú igbó láì pariwo àti bí wọ́n ṣe ń fi ìràwọ̀ àríwá mọ ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ dúdú tó ń wá kó gẹdú ló sì ti gbọ́ ibi tí omi kọ̀ọ̀kan já sí. Ní 2021, awalẹ̀pìtàn Julie Schablitsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti rí ibi tí ahéré Ben Ross wà, nínú igbó tí omi ti ń bò. Owó ẹyọ kan tí wọ́n rọ ní 1808 wà lára ohun tí wọ́n wú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: sórí omi

Bí ojú ọjọ́ bá dára, ẹ yá kayak tàbí ọkọ̀ tí ẹ máa fi àjẹ̀ wà. Ojú ọ̀nà omi mẹ́ta ni wọ́n sàmì sí ní Blackwater, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ti àwọn kan nígbà òtútù kí wọ́n má bàa dààmú àwọn ẹyẹ, torí náà oṣù Kẹrin tàbí ìkẹsàn-án ló dára jù fún èyí. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì di dandan, àní fún ẹni tó mọ ìwẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ kọjú sí atẹ́gùn nígbà tí agbára ṣì wà lápá, kí atẹ́gùn lè bá yín ti ọkọ̀ nígbà àbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pẹja, tó sì ti pé ọmọ ọdún 16, ní láti gba ìwé àṣẹ Maryland.

Bí àyè bá ṣì wà

Ẹ dé Poplar Neck ní Caroline County, nítòsí Preston. Ibẹ̀ ni àwọn òbí Harriet ń gbé nígbà tó wá kó àwọn arákùnrin rẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ Kérésì 1854. Bàbá wọn fi áńkáṣíìfù di ojú ara rẹ̀ kó tó bá wọn rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà, kó lè sọ láì purọ́ pé òun ò fojú rí wọn.

Láti ibẹ̀, Route 331 á gbé yín padà sí Easton àti US-50. Ẹ gbìyànjú láti kọjá afárá kí ó tó di ọ̀sán Sọ́ńdè. Bí ẹ bá délé, ẹ tú gbogbo aṣọ, kí ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò dáadáa, abẹ́ apá, ẹ̀yìn etí, inú irun. Eégbọn tí ẹ bá rí, ẹ fi irin ìfàgún (tweezers) mú un níbi tó ti kan awọ ara, kí ẹ fà á jáde ní tààrà. Bí ibì kan bá pọ́n roboto lára ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ wọ igbó ní Dorchester.